Àmì Inú Ìdérí

Mẹkáníìkì náà yọ rọ́bà tó ti wú jáde nínú masítà, àgbá kékeré tó ń ti òróró bíréèkì iwájú alùpùpù, ó sì fi ìbínú là á mọ́lẹ̀.

"Òmùgọ̀ wo ló fi pẹtiróòlù fọ rọ́bà bíréèkì tó fi wú báyìí? Ṣé ó fẹ́ pààyàn ni?"

"Ó ti pààyàn," ni obìnrin tó gbé alùpùpù náà wá dáhùn. "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó ni ọkọ mi ń sọ̀, bíréèkì ò mú. Kó tó jáde, ó sọ fún mi pé ọ̀gá tó tún bíréèkì náà ṣe ń kánjú lọ́jọ́ tó ṣe é."

"Ọwọ́ oníkánjú bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó kan sípánà mọ́ láyé!"

"Ẹ wo inú ìdérí masítà yẹn, ọ̀gá."

Mẹkáníìkì náà yí i padà. Àmì tó máa ń fi fáìlì ha sára iṣẹ́ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú rọ́bà náà nílẹ̀, ó sì dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.