Ìbíyẹmí Nìkan Ni Ibà Mú

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Morádéyọ̀ gbé Ìbíyẹmí, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta, lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkirè. Ara ọmọ náà gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Dókítà yẹ káàdì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá Ìbíyẹmí, ẹ ò jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tó wà níkùn yín, kí ibà ẹ̀fọn má lè mú un?"

"Bàbá rẹ̀ ló ní ká fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a."

Dókítà kò bá a jà. Inú ìwé nìkan lòun náà ti mọ ibà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ibà ti mú ọmọ kan gbẹ̀yìn nílùú náà, kò sì sẹ́ni tó ń ta oògùn rẹ̀ mọ́. Ó pe ìlú mẹ́ta lórí fóònù kó tó rí i ní Kánò. Wọ́n ní yóò dé nírọ̀lẹ́.

Morádéyọ̀ ń fi aṣọ tútù nu ọmọ lára. Àwọn nọ́ọ̀sì ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo bí ibà ṣe ń gbọn ènìyàn.

Oògùn dé lágogo márùn-ún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ìbíyẹmí ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ.

Kí wọ́n tó lọ, dókítà mú fọ́ọ̀mù àtúnṣe ẹ̀jẹ̀ wá fún oyún oṣù méjì tí Morádéyọ̀ ní.

"Ṣé ká dúró de bàbá wọn?"

"Rárá." Ó fọwọ́ sí i. "Dókítà, ṣé wọn ò lè tún ti èyí tí mo ti bí ṣe?"

"Ó ti pẹ́ jù, mà."

Morádéyọ̀ pọn ọmọ rẹ̀, ó sì fa ọ̀já náà le.