Aago Tó Wà Lọ́wọ́ Màmá

"Mo tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́!"

Màmá wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀ lánàá, egungun ìbàdí wọn kán. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wà nílẹ̀.

Aago tí wọ́n fi ń pe ará ilé wà lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí fóònù àwa ọmọ dún.

Kò dún.

Àbúrò mi tó ń bá wọn gbé, tó lọ síbi iṣẹ́ lánàá, ò lè wo ojú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ṣe áńtẹ́nà tó ń gbé ìpè jáde nínú ẹ̀ níbi iṣẹ́ yín," ó ní. "Ẹ dán an wò lórí tábìlì lójú mi, ó ṣiṣẹ́ dáadáa."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n ní àwọn tẹ aago, bẹ́ẹ̀ fóònù yín ò dún. Ó jọ pé iyè Màmá ti ń ra. Wọn ò lè máa gbé ilé wọn mọ́."

Àbúrò mi mú bíírò, ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ilé àwọn arúgbó.

Màmá gbọ́, wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé orí mi ti ń dàrú ni?"

Mo wo aago ọwọ́ wọn.

Kí aago yẹn tó jáde sọ́jà, mo so ó mọ́ ọwọ́ ara mi. Áńtẹ́nà pẹlẹbẹ tó ń ké geere lórí tábìlì, bó ṣe kan ẹran ara báyìí, ó yadi. Ọ̀gá mi ń kánjú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege.

Mo gba bíírò lọ́wọ́ àbúrò mi.

"Orí yín pé, Màmá. Èmi ni mo parọ́."