Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìwọ́

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sin ibi ọmọ yẹn!"

Òṣìṣẹ́ láábù kan sáré dé ẹ̀yìn ilé ìgbẹ̀bí ní Mọ́níyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbá ìkòkò tí ibi ọmọ náà wà nínú rẹ̀ mọ́ra.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́. Ẹran ara èèyàn kan ṣì wà láàyè nínú ìgò ní láábù wa. Omi tí a fi ń bọ́ ọ láti òkè òkun ti bàjẹ́, ó sì ti ń kú lọ. Irú ẹ̀jẹ̀ yìí la lè fi bọ́ ọ dípò rẹ̀."

"Irọ́! Oògùn owó lo fẹ́ fi ṣe."

Ìyá àgbà kọjú sí kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ fún ibi ọmọ náà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Màmá. Kó tó di pé mo rí òmíràn, ẹran náà á ti kú."

"Ẹran ara ta ni?"



"Ìyàwó mi ni. Inú kókó jẹjẹrẹ tó pa á lọ́dún tó kọjá ni dókítà ti gé e. Kò sí ibòmíràn tó kù sí."

Ìyá àgbà rọra gbé ìkòkò náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ṣé ó máa ń jẹun dáadáa?"