Agolo Lọ́fíńdà Tí Kò Jò

Ní Abẹ́òkúta, lápá ibi tí àwọn tó ń rọ ìkòkò ti ń dáná lẹ́bàá odò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣódìípọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ro bí wọn yóò ṣe ṣe agolo lọ́fíńdà, irú èyí tí a ki gáàsì mọ́ inú rẹ̀, tó jẹ́ pé bí a bá ti fi ìka tẹ orí rẹ̀, lọ́fíńdà á fọ́n jáde fùú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kì í gbọ́ ti ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ọmọdé nìkan ló ń ya olórí kunkun o. Bí àgbà bá ya olórí kunkun, tirẹ̀ a máa ju ti ọmọdé lọ.

Ìyàwó Ṣódìípọ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, Tẹniọlá, òun náà sì ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ agolo náà. Ìyọnu wọn nígbà yẹn ni pé agolo ń jò. Bí wọ́n bá di lọ́fíńdà sínú rẹ̀ lónìí, kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, gáàsì á ti yọ́ jáde lẹ́nu ìdérí. Ẹni tó rà á á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní gbọ́ fùú.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ṣódìípọ̀ fi jókòó tì í. Nígbà tó yá, ó fi ike bo inú agolo alumíníọ̀mù náà, ó fi irin ṣe ìdérí rẹ̀, ó wá fi gọ́ọ̀mù líle lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò jò mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni Tẹniọlá ti kúnlẹ̀.

“Bàámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rọ ìkòkò ló ń ra agolo wa tó bá ti tán, wọ́n ń yọ́ ọ. Alumíníọ̀mù nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Irin, ike àti gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ mọ́ra báyìí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yà á? Ẹ jẹ́ ká fi alumíníọ̀mù ṣe ìdérí náà, ká wá ká etí rẹ̀ mọ́ ti agolo lẹ́ẹ̀mejì dípò gọ́ọ̀mù.”

Ó dun Ṣódìípọ̀ pé ọmọ ń tọ́ òun sọ́nà lójú gbogbo ayé. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Ọmọ àná ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà! Ẹni tí iṣẹ́ mi ò bá tẹ́ lọ́rùn, ọ̀nà wà níta.”

Tẹniọlá lọ di ẹrù rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti wà ní Ìṣẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀.

Ṣódìípọ̀ kọ́kọ́ ní, “Yóò padà wá.” Oṣù kan kọjá, ìkejì kọjá. Bó bá se iṣu, ti ẹni méjì ló máa ń sè. Bó bá gbọ́ ìró bàtà lọ́ọ̀dẹ̀, á pe “Tẹni!”, ará ilé kejì ni yóò sì dáhùn. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn mọ́, ó sì wá mọ̀ pé iyàn yẹn gan-an ni adùn ilé òun. Àárò ọmọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kó pè é.

Nígbà tó yá, ẹjọ́ dé láti ẹ̀bá odò. Ike inú agolo ń rú èéfín dúdú, gáàsì tó há sínú rẹ̀ ń bú gbàmù nínú iná, ìkòkò tí wọ́n bá sì fi rọ ń ní ihò wínníwínní. Àwọn obìnrin tó rà á ń dá ìkòkò padà pé ọbẹ̀ ń kán sínú iná. Ẹ ò rí nǹkan! Jíjò tí Ṣódìípọ̀ lé kúrò nínú agolo ti kó lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Lámídì, olórí àwọn tó ń rọ ìkòkò, kó àpò agolo mẹ́ta wá dà sẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gba agolo yín o, a ò rà á mọ́. Ọmọ yín tó máa ń wá wo iná wa ní òun á bá wa sọ fún yín pé alumíníọ̀mù nìkan là ń fẹ́. Ṣé kò sọ ọ́ ni?”

Ṣódìípọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa agolo náà padà sínú àpò. Omi lé ròrò sí i lójú.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí Tẹniọlá ṣe wí. Àkọ́kọ́ jò. Ìkejì náà jò. Nígbà kẹta, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ṣeé fọwọ́ yọ, sáàárín etí méjèèjì kó tó ká wọn mọ́ra. Ó rì í sínú omi fún ọjọ́ méje, omi ò hó pútú. Lámídì ṣí ìdérí rẹ̀, ìyókù gáàsì jáde, ó yọ rọ́bà, ó yọ́ agolo náà, ìkòkò tó fi rọ sì jọ̀lọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jó, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo tí Ṣódìípọ̀ ń wá ò sí láàárín wọn.

Lámídì wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbi tẹ́ ẹ ti bú u ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀ ẹ́.”

Ni Ṣódìípọ̀ bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù níṣojú gbogbo wọn, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí olúkúlùkù lè gbọ́.

“Tẹniọlá, èmi bàbá rẹ ni. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló dúró yìí. Ìwọ lo tọ̀nà, èmi ni mo ṣìṣe. Jọ̀wọ́, máa bọ̀ nílé. Àárò rẹ ń pa mí.”

Ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

“Bàámi, ẹ má bẹ̀ mí mọ́, ó ti tán nínú mi. Oṣù mẹ́fà ni mo fi retí ìpè yìí. Nígbà tí mi ò rí i, mo gbaṣẹ́ sí Kánò, mo sì ti tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́ta. Ọ̀la ni mò ń lọ. Ká ní ẹ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ni, ǹ bá ti wálé.”

Ṣódìípọ̀ súre fún un. Títí di òní, bí wọ́n bá yìn ín fún agolo náà, á ní, “Ọmọ mi Tẹniọlá ló ni ọgbọ́n yẹn,” á sì máa ka iye oṣù tó kù kí ọmọ náà tó padà dé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹni tó bá sọ òótọ́ fún yín, ẹ má wo ọjọ́ orí rẹ̀, bí ẹ bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ẹ tètè bẹ̀ ẹ́. A lè yọ́ agolo, ká tún un rọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ti kọjá ò ṣeé tún rọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.