Ọṣẹ Ẹnu Ọ̀nà

Kò sẹ́ni tó ń wọ yàrá ọkọ mi láìfọwọ́.

Dókítà ti kìlọ̀: oògùn tó ń yọ́ jẹjẹrẹ kókó ọrùn rẹ̀ ti gba gbogbo agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà. Fáírọ́ọ̀sì kékeré lè pa á.

Mo gbé ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ mí ní Wọ́dà. Ẹnu wọn ló ń dùn wọ́n.

Ìyá ọkọ mi wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní ojú fèrèsé ni kí wọ́n ti máa kí ọmọ wọn.

"Ìyàwó mi, èmi náà?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀yin náà."

Kókó yọ́ tán. A yọ̀.

Lónìí, ojú rẹ̀ ti di yẹ́lò, kò dá mi mọ̀ mọ́. Dókítà ní fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tán. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyá figbe ta lójú fèrèsé.

"Ẹni tó kó àrùn yìí ran ọmọ mi, onítọ̀hún ò ní…"

Mo sáré jáde, mo fọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Mi ò tiẹ̀ rántí ọṣẹ.

"Ẹ má ṣépè, Mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Dókítà ti sọ fún mi: ẹnu ọ̀nà kọ́ ni fáírọ́ọ̀sì náà gbà wọlé. Inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń sùn tipẹ́, oògùn jẹjẹrẹ ló jí i.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ bí i ló ti kó o lára wọn.