Ìkíni Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Dámilárá ti pinnu pé kí ọ̀gá tó ti Abẹ́òkúta dé, iṣẹ́ òun yóò ti hàn. Oṣù tí wọ́n fi ń dán an wò ní ọ́fíìsì kékeré tó wà lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìyànà Ìbà ti ń parí lọ, kò sì tí ì kọ kóòdù tuntun kankan. Kóòdù àtijọ́ ni wọ́n ní kó máa kà: ètò orí kọ̀ǹpútà kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn aláboyún létí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ rí nọ́ọ̀sì. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ń kàwé kò tí ì ṣiṣẹ́, ẹni tó sì ń béèrè ń fi àìmọ̀ ara rẹ̀ han ayé ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó rí ìlà mélòó kan nínú kóòdù náà tí kò bá aláboyún kankan tan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan ṣoṣo: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, màmá mi. Mo ti jẹun. Gbénró.”

Kò sí Gbénró kankan ní ọ́fíìsì náà. Orí rẹ̀ wú díẹ̀. Ó pa àwọn ìlà náà rẹ́, ètò náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ geere.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó bojú wẹ̀yìn lórí àga rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Kò rí ẹnì kankan.

Ní ọjọ́ Ajé, ó fọ́nnu fún Ọdúnayọ̀, ẹni tó pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ náà.

“Àǹtí, mo ti bá yín clean kóòdù yẹn o. Mo ti kó gbogbo pàǹtírí inú ẹ̀ dànù.”

“Pàǹtírí wo?”

“Ti Gbénró kan báyìí. Ta ni gan-an?”

Ọdúnayọ̀ gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. “Orí àga tó o wà yẹn ló ń jókòó kó tó kú. Ìyá ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ta ló fẹ́ túfọ̀ ọmọ kan ṣoṣo fún wọn? Àwọn àgbà ẹbí bẹ ọ̀gá, ọ̀gá bá kọ ìlà yẹn. A ní ó wà ní Kánádà, pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kó ráyè pè. Wọn ò sì béèrè rí pé ìgbà wo ló ń bọ̀.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Ìwọ náà ò béèrè. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà tiwa lo lọ jù nù yẹn.”

Dámilárá yára dá àwọn ìlà náà padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ti kọjá.

Lọ́sàn-án, obìnrin arúgbó kan rọra gun àtẹ̀gùn wá. Ó wọ sùtáná funfun, kò wọ bàtà.

“Ìyá Gbénró,” ni Ọdúnayọ̀ sọ sí Dámilárá létí, ó sì kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, mà.”

Ìyá náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. “Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti wà nílé àdúrà l'Ókokomáikò. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀gá yín ńkọ́?”

“Wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta, mà,” ni Dámilárá wí.

“Ṣé ara wọ́n le?”

“Ara wọ́n le, mà. Wọ́n pè láàárọ̀ yìí.”

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó wá jókòó. Ẹ̀rù ń ba Dámilárá gidigidi: bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu òun jáde, òun ló pa ìyá oníyàá yìí. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ má bínú, mà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bọ̀ọ̀dá Gbénró ní ká kí yín. Wọ́n ní àwọn ti jẹun.”

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Dìde, ọmọ mi,” ni ó wí, “láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Gbénró ni mo ti mọ̀, ẹni tó ń fi orúkọ rẹ̀ kí mi ni mo wá wò, bóyá òun náà ti kú ni.”