Orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ Lórí Fáìlì

Ọ̀gá yọ orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò lórí iṣẹ́ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, kí àwọn yòókù tó dé. Nígbà tí obìnrin tó ń tọ́jú àwọn fáìlì fi máa jókòó, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra ètò náà ló ti wà níbi tí ti Ọ̀kẹ́rẹ́ wà tẹ́lẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà kan ni, tó ń ṣírò ìwọ̀n oògùn fún àwọn ọmọ tó wà ní ọsibítù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pawọ́ pọ̀ kọ ọ́ láìgba owó. Lókè fáìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sí, àdírẹ́sì ìméèlì rẹ̀, àti àṣẹ ìlò: kí ẹnikẹ́ni mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tún un ṣe bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ó má yọ orúkọ yìí, kí ó má sì tì í mọ́ ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ tì í. Kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ àfi bí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ bá gbà. Gbogbo wọn ti gbà, ó ku Ọ̀kẹ́rẹ́, tó kọ apá ti àwọn ọmọ tuntun. Ìnagijẹ yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ obìnrin yìí ni kí ó rí i pé orúkọ kankan kò sọnù. Onígíláàsì, akẹgbẹ́ rẹ̀ tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ń ṣọ́ orúkọ olórúkọ, tirẹ̀ kò sì sí lórí ẹyọ fáìlì kan. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ fún wọn rí pé nígbà tí òun ṣì wà nílé ìwé, òun fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ọ̀gá sì dá a padà láìṣí i, ó ní kí òun lọ gba ìwé ẹ̀rí wá ná. Ọ̀gá kò rántí. Ó kàn ní ó jọ ohun tí òun lè sọ.

Obìnrin náà dá orúkọ padà sórí fáìlì àkọ́kọ́. Kó tó kan ìkejì, ọ̀gá ti ránṣẹ́ pè é.

Yàrá ọ̀gá há, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn yunmuyunmu lókè orí wọn. Ọ̀gá kò bínú. Ó ní kó jókòó, ó ṣàlàyé pé aago méjì ni ìpàdé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà, àti pé bí ọjà yìí bá bàjẹ́, kò dá òun lójú pé ibi iṣẹ́ yìí á pẹ́ láyé.

“Mo kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta,” ni ọ̀gá wí. “Kò fèsì.”

“Àdírẹ́sì wo lẹ fi ránṣẹ́ sí, sà?”

“Èyí tó wà lórí fáìlì. Àbí òmíràn wà ni?”

“Kò sí òmíràn, sà.”

“Ó dáa. Ó lè ti kú. Ó sì lè ti sọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kó máa dáko níbì kan.”

Onígíláàsì ti yọrí lẹ́nu ọ̀nà. “Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá nìyẹn.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Nísinsìnyí. Mo lè dúró.”

Ọ̀gá wò ó títí. “Àbúrò, ṣé o mọ ọkùnrin yẹn ni?”

“Mi ò mọ ọkùnrin kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà.”

“Kí ló wá dé tó o fi ń sunkún ju ọlọ́fọ̀ lọ? Lọ yọ ọ́ kúrò níbi tó o dá a padà sí.”

Ó padà sí àyè rẹ̀. Fèrèsé kékeré kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, máa ń wà ní ṣíṣí ní igun kọ̀ǹpútà rẹ̀. Onígíláàsì gbà pé àfẹ́sọ́nà ló ń retí níbẹ̀. Ó wò ó. Kò sí nǹkan tuntun. Ó gbé ojú kúrò, kò sì yọ orúkọ náà.

Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè é láti wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ni. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún un, láyé ijọ́un, pé ìwọ̀n oògùn àgbàlagbà ni àwọn ń fojú bù fún àwọn ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti ètò náà pa. Ó ní agbára ọsibítù àwọn ò ká a láti rà á, ojú bíbù náà ni àwọn á padà sí, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan wà níwájú òun báyìí tó ṣeé gbé lé ọwọ́ kan.

“Ṣé ẹnì kankan ò lè dí wọn lọ́wọ́ ni?”

“Ó ku ẹnì kan.”

“Ṣé onítọ̀hún á sọ̀rọ̀?”

“Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi í ná, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ní aago méjì, gbogbo wọn kó kọ̀ǹpútà wọn wọ yàrá ìpàdé. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà ń sọ̀rọ̀ láti ojú amóhùnmáwòrán ara ògiri, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ọ̀kẹ́rẹ́, ó dúró. Ó ní bó bá jẹ́ pé wọ́n ti wá ẹni náà tọkàntọkàn tí wọn ò rí i, ilé-iṣẹ́ òun á gbé ewu rẹ̀, àwọn á fọwọ́ sí i lónìí. Bí wọn ò bá wá a, ọ̀rọ̀ ti parí.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí i,” ni ọ̀gá wí. “Mo lè búra.”

Lọ́yà bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ fi kún un.

“Sà,” obìnrin náà wí, “ṣé lóòótọ́ lẹ kọ ọ́?”

Tábìlì ni ọ̀gá ń wò. “Mo ti dá ẹ lóhùn láàárọ̀.”

Onígíláàsì wúkọ́. Lọ́yà mú bírò rẹ̀.

Obìnrin náà fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó tẹ fèrèsé kékeré igun rẹ̀, àpótí ìméèlì àdírẹ́sì tó wà lórí fáìlì yẹn, tó ti ń ṣọ́ láti ìgbà tó wà nílé ìwé, tí ọ̀rọ̀ kan látọ̀dọ̀ ọ̀gá kò sì wọ inú rẹ̀ rí, ó sì fi ránṣẹ́ sí lọ́yà àti gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá náà pé: “Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Mi ò gbà. Èmi, Ọ̀kẹ́rẹ́.”